Wọ́n sanwó wo fídíò ìkọ̀kọ̀, wọ́n wá gbé e síta: ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀?

Ẹ ní àbúrò yín, ọmọ ọdún 24, tó ń ṣe fídíò fáwọn tó ń sanwó oṣooṣù, bá iṣẹ́ rẹ̀ nínú gúrúùpù Telegram kan, àti pé títí dé Ọjà Ọba l'Óṣogbo ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ wà, torí òun fúnra rẹ̀ ló tà á.

Ẹjọ́ wà. Owó ìwòran lẹni tó gbé e síta san, kò ra àṣẹ àtipín in kiri. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà ti 2022 fún ẹni tó ṣe fídíò lágbára láti ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá tún ń fi halẹ̀ gbowó, apá 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 mú wọn. Kó má san kọ́bọ̀.

Kó má tíì pa nǹkankan rẹ́ o! Kó ya ojú fóònù rẹ̀, kí líǹkì, orúkọ ẹni tó gbé e àti déètì hàn (líǹkì yẹn làwọn èèyàn sábà máa ń gé dànù).

Tó bá jẹ́ ti ìhòòhò, kó lọ sí StopNCII.org, ojúlé tó ń bá èèyàn dènà títàn kálẹ̀ àwòrán ìhòòhò láìgbàṣẹ. Inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ nọ́ńbà kan lára fídíò. Fídíò fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni Facebook, Instagram àti TikTok fi ń dá ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀. Tó bá fi ẹ̀tọ́ àdàkọ béèrè, Google náà máa ń yọ ọ́ kúrò nínú èsì ìwákiri, àmọ́ ojúlé tó gbé e ò tíì kúrò nílẹ̀. Ti Telegram, inú áàpù ni kó ti fẹjọ́ sùn.