Owó-orí lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́: ohun tí ojú mi rí ní Kánádà

Mo rí i kà pé agbanisíṣẹ́ yín kọ 2,160 dọ́là sí kóòdù 40 (ibi tí wọ́n ń kọ àwọn àǹfààní mìíràn tó ní owó-orí sí) lórí T4 yín, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún, nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún yín lábẹ́ ilé iṣẹ́, pé ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àti pé ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni ẹ ń gbé ọkọ̀ débẹ̀. Ẹ wá béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ san owó-orí lórí owó tí ojú yín kò rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa san án. Ohun tí òfin owó-orí Kánádà ń wò ni iye tí ẹ̀yin ìbá san ká ní ẹ fi owó ara yín háyà irú ibẹ̀ ní àdúgbò kan náà. Wọ́n á yọ ohun tí ẹ bá san fún agbanisíṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì di ara owó tó wọlé fún yín nínú àpótí 14, níbi tí owó-oṣù yín wà.

Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó jẹ́ aláàbọ̀ ara wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ tí àyè ọkọ̀ rẹ̀ kò tó àwọn òṣìṣẹ́ tó nílò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí ibi gbé ọkọ̀ sí, àti ibi tí gbogbo èèyàn ti ń gbé ọkọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́, irú ti ilé ìtajà ńlá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kó máa wakọ̀ jáde déédéé náà wà níbẹ̀, èyí ló sì fi ojú mi rí màbo.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mo ń ṣe nígbà náà. Mo máa ń gbé ọkọ̀ mi sí àyè 47, tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ nọ́ńbà sí nílẹ̀, màá kó irinṣẹ́, màá sì tún wakọ̀ jáde tọ àwọn oníbàárà lọ, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Síbẹ̀, 210 dọ́là lóṣù ni wọ́n kọ lé mi lórí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lé àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọdún méjì sì kọjá kí n tó ka T4 mi dáadáa. Nígbà tí mo lọ bá akọ̀wé tó ń ṣírò owó-oṣù, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó fi sọ pé bó ṣe gbé e jáde nìyẹn. Akáǹtáǹtì tí mo fi owó mi bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní kí n gbàgbé rẹ̀, pé owó kékeré ni. Owó kékeré, 5,040 dọ́là tí wọ́n fi kún owó tí mo ń san owó-orí lé lórí!

Níkẹyìn, ilé iṣẹ́ ní àwọn lè tún T4 ṣe bí mo bá mú àkọsílẹ̀ wá: ọjọ́ tí mo jáde, ibi tí mo lọ, iṣẹ́ tí mo lọ ṣe. N kò ní ìwé kankan. Páálí bàtà kan tí mo ń kó rìsíìtì epo ọkọ̀ sí ni mo dà sórí tábìlì, àwọn tó sì ti pẹ́ nínú wọn ti funfun báláú, tó fi jẹ́ pé mo ní láti máa yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná kí n tó rí òjìji ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é lálaalẹ́. Ti ọdún kejì ni ìwé iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà fọwọ́ sí gbà là. Ti ọdún àkọ́kọ́ ti bá ímeèlì wa àtijọ́ lọ nígbà tí ilé iṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àkókò àtakò sì ti kọjá lórí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fetí sí akáǹtáǹtì. Ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹrin tó yẹ kéèyàn ti fi ìwé owó-orí ránṣẹ́, tàbí 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí ìwé tí wọ́n fi sọ iye owó-orí fúnni, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni òfin fún wa láti takò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lónìí.

Bí ẹ bá ń wakọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ fi í sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ka ìrìn láti ilé dé ọ́fíìsì mọ́ ọn, torí ti ara yín nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé fọ́ọ̀mù T2200, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ ṣe àwọn ìnáwó iṣẹ́ kan, á jẹ́ kí ẹ yọ owó ìgbọ́kọ̀sí ní ọ́fíìsì yín kúrò. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ìyà ńlá ló fi jẹ ara rẹ̀.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọjọ́ méjì tí ẹ sọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà. Níwọ̀n ìgbà tí àyè náà bá ṣì jẹ́ tiyín tí ẹlòmíràn kò lè gbé ọkọ̀ síbẹ̀, yóò ṣòro láti sọ pé àǹfààní náà kì í ṣe tiyín ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gba àyè náà padà, kí wọ́n máa fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wá. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti rí 180 dọ́là lóṣù, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wo ní àdúgbò yẹn ni wọ́n fi wé tiyín. Tí èsì bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ gbé e lọ sílé, nítorí ímeèlì ilé iṣẹ́ kì í ṣe tiyín.