Ṣé Ẹni Tí Kò Kọ́ṣẹ́ Lè Dáwọ́ Lé Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Nínú Eré Orí Tábìlì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Èmi ni mo ń darí eré Dungeons & Dragons fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ní ìlú Manchester, ìyẹn eré tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tí dáìsì olójú ogún sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin kan tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ẹni tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ olè, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láìsí kọ́kọ́rọ́, ju dáìsì, kò rí i ṣí. Ni àwọn mẹ́ta yòókù bá ní àwọn náà fẹ́ gbìyànjú, jagunjagun tí kò mọ̀ ju àáké lọ ju 18, ilẹ̀kùn sì ṣí. Gbogbo wa pariwo ayọ̀, àfi ọ̀rẹ́ wa tó ni olè náà. Ńṣe ló rọra kó dáìsì rẹ̀ padà sínú àpò. Ṣé ó yẹ kí n máa fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ láyè bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ kíyè sí ọwọ́ tó kó dáìsì sápò yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gbìyànjú ohun tí ojú àti làákàyè lè gbé e dé, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan dáìsì rárá lórí ohun tó jẹ́ pé àfi kí ènìyàn kọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 15 ni ẹ fi ṣe òdiwọ̀n àgádágodo náà, ìyẹn ni pé iye tí dáìsì bá mú wá, pẹ̀lú àfikún tí òye ẹ̀dá ìtàn bá fi kún un, gbọ́dọ̀ tó 15 kó tó ṣí. Ẹni tí kò ní àfikún kankan yóò rí i ṣí nígbà 30 nínú 100. Olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ tó yá fún un ní 3, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì fi 2 kún un, yóò rí i ṣí nígbà 55 nínú 100. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ṣì lérè. Ṣùgbọ́n bí aláìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta bá tò sẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà, tí wọ́n ń ju dáìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tó ìgbà 66 nínú 100 tí ọ̀kan nínú wọn yóò ṣí i. Ẹni mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan ti borí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nìyẹn, ìdí sì nìyí tí mo fi ka títò yẹn sí ohun tó burú ju ìgbìyànjú ẹyọ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú eré náà tipẹ́. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ìwé àfikún Greyhawk ti ọdún 1975 ni olè ti wọlé pẹ̀lú òye àgádágodo ṣíṣí. Ìtẹ̀jáde kẹta, ní ọdún 2000, pín òye iṣẹ́ sọ́nà méjì: ẹnikẹ́ni lè gun ògiri tàbí kó tẹ́tí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló lè ṣí àgádágodo. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣí ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn lórí ohun tó pọ̀, síbẹ̀ ìwé àwọn òṣèré ọdún náà sọ pé ẹni tó mọ irinṣẹ́ olè lò ló ń fi 15 ṣí àgádágodo. Òfin tí ẹ ń wá ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti Call of Cthulhu, eré mìíràn irú èyí, tó jáde ní ọdún 1981. Nínú rẹ̀, òye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí ẹni tí kò kọ́ ọ rárá fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtẹ̀jáde keje, ìtọ́jú pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ láti 30 nínú 100, nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ láti 1 péré. Ẹni tó ṣe é mọ ènìyàn: ta ni kò lè fa aṣọ ya kó fi di ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣùgbọ́n àìsàn tó wà nínú ara kò ṣe é méfò. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nílé wa: ẹnikẹ́ni lè bu omi sínú rédíétọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbé jíà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé kó tú u.

Ní ti jagunjagun yín, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé kò lè ṣe é. Ẹ bi í léèrè ohun tí àáké rẹ̀ lè ṣe. Bó bá fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn náà, kó ju dáìsì agbára, kí ariwo irin sì ta sí àwọn ẹ̀ṣọ́ létí. Bí olè bá kùnà, kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kán sínú ihò kọ́kọ́rọ́, kó má sí ẹlòmíràn tó tún lè ti ibẹ̀ gbìyànjú. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìtàn lè gbà sẹ́yìn àgádágodo, pàápàá bí kò bá sí olè kankan láàárín wọn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ sọ òfin yìí fún gbogbo wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àgádágodo mìíràn síwájú ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sì ní kó sọ fún yín ohun tí ìka rẹ̀ ń gbọ́ nínú irin náà, kí jagunjagun máa di fìtílà mú fún un.