Ṣé éjẹ́ńtì ilé ní Amẹ́ríkà lè kọ̀ mí nítorí ajá tí mo ń sìn fún ìtura ọkàn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò lè kọ̀ yín. Òfin Fair Housing Act ti 1968, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn aláìlera kún ní 1988, ló dáàbò bò yín. "A ò gba ajá níbí" kò de irú ajá yìí, wọn ò sì gbọdọ̀ gba owó ìdógò lórí rẹ̀. Àmọ́ bó bá ba ilẹ̀kùn tàbí kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ fi ímeèlì béèrè, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ so lẹ́tà dókítà tàbí onímọ̀ ìlera ọpọlọ tó ní láísẹ́ǹsì mọ́ ọn, kó sọ pé ẹ ní àìlera, àti bí ajá náà ṣe ń ràn yín lọ́wọ́ lórí àìlera náà. Kò pọn dandan kó dárúkọ àìsàn yín. Sàtífíkéètì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ má fowó yín ṣòfò. Ní California, láti 2022, ẹni tó máa kọ lẹ́tà nípa ajá gbọ́dọ̀ ti máa tọ́jú yín fún ó kéré tán ọjọ́ 30.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí nìyí: onílé tí ilé rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tó ń fúnra rẹ̀ fi ilé tó wà fún ìdílé kan ṣoṣo háyà fún èèyàn, lè bọ́ lọ́wọ́ òfin àpapọ̀ yìí. Bó bá ti lo éjẹ́ńtì, kò bọ́ mọ́. Ilé tí kò ju ìdílé mẹ́rin lọ, tí onílé ń gbé ọ̀kan níbẹ̀, yàtọ̀: òun lè bọ́ lọ́wọ́ òfin náà bó tilẹ̀ lo éjẹ́ńtì.

Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ọdún 1 lẹ ní láti fẹjọ́ sun HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé.