Ta ló tú yìgì Ibtihal?

ÌBÉÈRÈ: Alhájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ wa sọ ní kíláàsì pé ilé-ẹjọ́ kan ní Íjíbítì tú yìgì olùkọ́ yunifásítì kan nítorí ohun tó kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ọkọ ò sọ pé òun kọ ìyàwó, ìyàwó ò sì ní òun kọ ọkọ. Mo rò pé àsọdùn ni. Báwo ni ìwé ṣe di ọ̀ràn ìyàwó?
Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni. Àbúrò ọkọ mi tó kàwé ní Kairo ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, èmi náà ní irọ́ ni.

Nasr Hamid Abu Zayd lorúkọ olùkọ́ náà, Ibtihal sì ni ìyàwó rẹ̀. Má rò pé alákọ̀wé tí ò mọ kéwú ni. Abúlé Quhafa lẹ́bàá Tanta ni wọ́n bí i sí ní 1943, ó sì ti há Àlùkùránì láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kú, ó bá lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ kó tó ráyè wọ Yunifásítì Kairo. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni Àlùkùránì, àmọ́ èdè ọmọ ènìyàn ló fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èdè àti ìtàn àkókò náà. Èmi ò gba gbogbo ohun tó kọ o. Ṣùgbọ́n mo kà á, ọ̀pọ̀ tó ń bú u ò kà á.

Ní 1992 ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwé náà tako ẹ̀sìn. Bó ṣe di ẹjọ́ nìyẹn.

Ibi tí ìbéèrè rẹ wà gan-an rèé. Òfin ìwà ọ̀daràn Íjíbítì ò ní ìjìyà kankan fún ẹni tó bá kúrò nínú Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n òfin ìgbéyàwó wọn ṣì wà lábẹ́ ṣàríà, ṣàríà ò sì gbà kí obìnrin Mùsùlùmí wà nílé ọkọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ibẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò gbà wọlé. Wọ́n gbé ẹjọ́ wá lórúkọ hisba, tó ń fún Mùsùlùmí láyè láti pẹjọ́ lórí ohun tí kò kàn án. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ lé wọn dà nù ní 1994: kí ló kàn yín nínú yìgì oníyìgì? Kòtẹ́milọ́rùn ló yí i padà ní oṣù kẹfà 1995, ó ní ọkùnrin náà ti kúrò nínú ẹ̀sìn, yìgì ti tú. Ọdún yẹn kan náà ni yunifásítì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n!

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Wọ́n ti yìnbọn pa òǹkọ̀wé Farag Foda ní Kairo ní 1992, àwọn kan sì ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Abu Zayd náà tọ́ láti ta sílẹ̀. Tọkọtaya náà sá lọ sí Leiden ní Netherlands. Ní 1996 ìjọba ṣe òfin pé agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ló lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́dún yẹn.

Ti ìyàwó ló máa ń ká mi lára jù. Ibtihal Younis, olùkọ́ èdè Faransé ní yunifásítì kan náà, ní Mùsùlùmí ni ọkọ òun, òun ò sì fi í sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń gbà á lọ́wọ́ ọkọ tí ó ní òun fẹ́. Nígbà tí Abu Zayd kú ní Kairo ní oṣù keje 2010, tí wọ́n gbé e lọ sin sí Quhafa, Ibtihal yìí náà ni opó rẹ̀.