Igi Wó Dí Ọ̀nà Nínú Aginjù: Ṣé Ìjọba Ti Pa Á Tì Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Àwa ọkùnrin ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà nínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Little Lake Creek Wilderness. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, igi ti wó dí ọ̀nà, òkú igi páìnì dúró káàkiri, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ò sì rí òṣìṣẹ́ kankan. Ó hàn gbangba pé ìjọba ti pa ibẹ̀ tì. A fẹ́ kó ogójì ènìyàn lọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ìgégi, ká la ọ̀nà, ká gé àwọn òkú igi kúrò, ká gbin tuntun, ká sì fi drone ya fídíò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti gba àṣẹ? Arákùnrin kan tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá tọ́jú ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n pa tì fún ọdún mélòó kan lè gbà á ní tirẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ti arákùnrin yẹn kúrò lọ́nà. Irọ́ ni. Òfin àtijọ́ tó ń fún ènìyàn ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nítorí pé ó kọ́lé, ó dáko síbẹ̀, wọ́n ti fagi lé e láti 1976. Alaska nìkan ni wọ́n fi ọdún mẹ́wàá sí i fún, ìyẹn náà sì ti tán. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san owó fọ́ọ̀mù fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, olè ni. Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ará wa, ó sì ti ń sú mi.

Ó ku ti ẹ̀yin alára. Ọkàn rere lẹ fi bèèrè, mo mọ̀. Àmọ́ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kò tọ́. Kò sẹ́ni tó pa igbó yẹn tì. Ohun tí ẹ rí tí ẹ pè ní ìpatì, ìtọ́jú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti ń bá wa bọ̀. Nílé, igbó ọba tí kò bá ti sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn onígẹdú ti wọ̀ ọ́, olóko kòkó ti tẹ̀lé wọn. Ẹ bi àwọn tó mọ igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn léèrè. Ojú tó rí ìyẹn dàgbà, bó bá rí igi tó wó tí ẹnikẹ́ni ò gbé, yóò ní olówó rẹ̀ ti kú ni. Ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí Little Lake Creek yàtọ̀. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, 1964. Ó ní kí wọ́n ya àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, tí wọ́n pè ní wilderness, ìyẹn aginjù, níbi tí ènìyàn yóò ti jẹ́ àlejò tí kì í tẹ̀dó síbẹ̀, kí àjọ tó bá sì wà nídìí ilẹ̀ náà máa dáàbò bo ìwà aginjù ibẹ̀. Igbó tiyín wọ inú ètò yìí ní 1984, pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn ní Ìlà-Oòrùn Texas. Ó lé díẹ̀ ní 3,800 éékà. Lónìí, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju 800 lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n sì ju mílíọ̀nù 111 éékà lọ.

Òfin náà kò fẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì, kò fẹ́ ilé, kò fẹ́ kí nǹkan tó ń fò balẹ̀ síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí a ń fẹsẹ̀ wà pàápàá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kò sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ igbó bá fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì ìgégi níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn lórí ìwé pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí iṣẹ́ náà fi lè ṣe é ṣe, àti pé ohun tó kéré jù lòun fẹ́ ṣe. Ẹ wá rò ó: òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lórí igbó náà kò lè gbé ẹ́ńjìnnì wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú, ẹ̀yin ogójì wá fẹ́ gbé mélòó wọlé?

Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú nìyí. Wọ́n gbà pé bí a bá fẹ́ràn igbó, a gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan sí i: ká gé èyí tó kú, ká gbin òmíràn, ká fún ẹran lómi, ká pa iná. Iṣẹ́ ológbà nìyẹn, iṣẹ́ rere sì ni, nínú ọgbà. Howard Zahniser, ọkùnrin tó kọ àbá òfin yìí tó sì kú ní oṣù karùn-ún 1964 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ti sọ ọ́ ní 1963 pé olùṣọ́ ló yẹ ká jẹ́ fún aginjù, kì í ṣe ológbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ. Ó le láti fi ṣe iṣẹ́, nítorí ọwọ́ ọmọ aráyé kì í gbélé.

Ẹ lè wá bèèrè pé kí wá ni a ń ṣọ́. Láti 2008 ni àwọn àjọ mẹ́rin tó ń bójú tó aginjù ti ní ìlànà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n tún un kọ ní 2015. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, ṣé ọwọ́ ènìyàn ló ń darí ibẹ̀ ni, àbí ibẹ̀ ń darí ara rẹ̀? Màá padà sórí ìyẹn. Èkejì ni ewéko, ẹranko, omi àti afẹ́fẹ́: ní apá ọ̀dọ̀ yín, ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tó ń hú ilẹ̀ àti igi tallow tó ti Ṣáínà wá ń yọ igbó lẹ́nu gidigidi. Ilé, ìsédò àti ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ni ìdáwà àti òmìnira ẹni tó wọlé: àwa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aginjù ń wo ariwo ọ̀nà, iná ìlú tó ń tàn lójú ọ̀run lóru, iye ènìyàn tí ẹ pàdé lọ́nà, títí kan iye òfin tí àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa fi dè yín. Ìkarùn-ún ni ohun àrà ọ̀tọ̀ tí ibì kan lè ní, bí àwòrán àtijọ́ lára àpáta. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni a máa ń wò ó bóyá ó ń sàn sí i, ó ń bàjẹ́, tàbí ó dúró sójú kan. A kì í fi Little Lake Creek wé Alaska; ara rẹ̀ la ń fi í wé, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti èkíní yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ dáadáa. Bí ìwé gbèsè ló rí, orúkọ wa ló sì wà nínú rẹ̀. Bí mànàmáná bá dáná sínú aginjù tí a sì pa iná náà, a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá fín oògùn sí ewéko àjèjì, a kọ ọ́, bí igbó tiẹ̀ jèrè oògùn náà. Ẹ̀rọ tí a so mọ́ igi láti fi ṣọ́ ẹranko, a kọ òun náà. Igi páìnì tí ẹ fẹ́ gbìn yẹn ńkọ́? Yóò wọ inú ìwé náà, lábẹ́ àwọn ohun tí ènìyàn ṣe láìgbàṣẹ. Kò já mọ́ nǹkankan pé irú páìnì tó ń hù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ lè ní àṣejù ni. Ẹ gbọ́ ti Isle Royale. Erékùṣù ni, nínú Lake Superior, ìpínlẹ̀ Michigan ló wà, ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ di aginjù ní 1976. Ìkookò wà níbẹ̀, moose náà wà, ìyẹn àgbọ̀nrín ràgàjì kan tó jẹ́ oúnjẹ ìkookò. Láti 1958 ni àwọn onímọ̀ ti ń ka àwọn méjèèjì. Orí yìnyín tó dì lójú adágún nígbà òtútù ni àwọn ìkookò rìn dé ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àrùn ajá kan pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kù ń gun ara wọn, ẹbí kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, títí ó fi di 2016 tó jẹ́ pé méjì péré ló ṣẹ́ kù: bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Moose wá ń pọ̀, wọ́n ń jẹ igi kéékèèké run. Yìnyín kì í sábà dì débi pé ìkookò tuntun lè rìn wá mọ́.

Kí ni kí olùṣọ́ ṣe? Àwọn kan ní ká fi sílẹ̀, bí ìkookò bá tán kó tán. Àwọn kan ní ọwọ́ ènìyàn ti wà níbẹ̀ tipẹ́: ajá ènìyàn ló ṣeé ṣe kó gbé àrùn náà wá, ooru ayé tí ènìyàn dá sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí yìnyín dì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀. Ní 2018 ni àjọ tó ń bójú tó ọgbà náà pinnu láti dá sí i, nígbà tó sì fi máa di ìparí 2019 wọ́n ti kó ìkookò 19 dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tó fi di 2024, ìkookò ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n, moose sì ti dín kù. Ní tèmi, wọ́n jàre, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí wọ́n jẹ̀bi. Ẹ ṣàkíyèsí pé àǹfààní tí ohun èkejì, ìyẹn ewéko àti ẹranko, rí, èkíní, ìyẹn kí ibẹ̀ máa darí ara rẹ̀, ló san án. Gbèsè ńlá ni wọ́n kọ sínú ìwé. Bí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun bá gba àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀, ṣé igi tó wó ni kò ní gbà á?

Kí ẹ má sì rò pé ilé ẹjọ́ máa ń wo ọkàn rere. Ní Kofa, ní aṣálẹ̀ Arizona, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ìkùdù omi méjì sínú aginjù ní 2007 nítorí àgùntàn ìgbẹ́ tó ń dín kù. Omi ni wọ́n fẹ́ fún ẹran mu o! Ní 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní wọn kò fi hàn pé ìkùdù náà pọn dandan.

Ní ti òkú páìnì yín, kòkòrò kékeré kan wà tí kò tó hóró ìrẹsì, abẹ́ èèpo páìnì ló ń gbé, ó sì lè pa odindi agbo igi. Ọ̀dá náà ń pa igi: ti 2011 nìkan pa nǹkan bí mílíọ̀nù 300 ní Texas, gẹ́gẹ́ bí àjọ igbó ìpínlẹ̀ náà ṣe ṣírò rẹ̀. Ìjì líle náà ń kọjá, Beryl ti 2024 kò tíì pẹ́. Òfin gbà kí a dá sí ọ̀rọ̀ iná, kòkòrò àti àrùn bó bá pọn dandan, nítorí náà n kò ní sọ pé a kì í gé igi níbẹ̀ láéláé. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gé páìnì nínú aginjù nítorí kòkòrò yìí, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkú igi ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Àkókó ń gbẹ́ ilé sínú rẹ̀, àdán ń sùn lábẹ́ èèpo rẹ̀. Òun kan náà sì lè wó lulẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì kúnlẹ̀ àdúrà síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí fún gbogbo ìjọ.

Ṣé kò wá sí ohun tí ẹ lè ṣe ni? Ó wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lone Star Hiking Trail gba inú igbó yẹn kọjá, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ń bá wọn tún un ṣe. Nínú aginjù, ayùn tí ènìyàn méjì ń fà síwá sẹ́yìn ni wọ́n ń lò. Ẹ máa gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, nítorí igi tó wó lórí òmíràn lè ta ènìyàn pa bí wọ́n bá gé e. Bí ẹni márùn-ún nínú yín bá kọ́ ọ, ìrànlọ́wọ́ yín yóò wúlò ju ti ogójì ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì Sam Houston National Forest tó wà ní New Waverly ni kí ẹ pè.

Fún àdúrà nìkan, ẹgbẹ́ tí kò bá ti tó ènìyàn 75 kì í sábà nílò ìwé àṣẹ nínú igbó Forest Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ni igbó yín, ṣùgbọ́n aginjù kan lè ní iye tirẹ̀ tó kéré sí ìyẹn, ẹ bi wọ́n. Ẹ tiẹ̀ pín ara yín sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹlòmíràn tó wá wá ìdákẹ́jẹ́ lè rí i. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Láúdspíkà, ẹ fi sílé, Ọlọ́run kò dití. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, kòtò ìnṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó jìnnà sí omi tó ẹsẹ̀ bàtà 200, kí ẹ sì bò ó. Lásìkò ọdẹ àgbọ̀nrín, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, kí ẹ sì bèèrè ibi tí wọ́n gbà kí ènìyàn pàgọ́ sí. Ìmọ̀ràn gbogbogbò ni gbogbo èyí o. N kì í ṣe lọ́yà, òfin ibẹ̀ sì lè yí padà lẹ́yìn tí mo kọ èyí tán. Ohun tí ọ́fíìsì bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Drone ńkọ́? Rárá. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e sókè níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Fóònù yín ń ya fídíò.