Táǹkì Omi Òkun Lítà 20 Fojú Mi Rí Màbo

Ẹ ní ẹ fẹ́ máa sin iyùn alààyè àti ẹja òkun nínú ilé, pé ẹ ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí, pé ẹ ti rí táǹkì lítà 20 kan tó wù yín, tó máa gba orí tábìlì ìkàwé, ẹ sì rò pé kékeré ló yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Irú èrò yẹn gan-an lèmi náà rò nígbà témi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn, ẹ bá mi yà á.

Ohun tí mi ò rò dé ìdí ni pé bí omi bá ń gbẹ nínú táǹkì, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Lítà 20 ni wọ́n kọ sára tèmi, àmọ́ nígbà tí mo to òkúta àti iyanrìn sí i tán, omi tó wà níbẹ̀ ò ju lítà 17 lọ. Nǹkan bí ààbọ̀ lítà ń gbẹ lójúmọ́. Mo rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin péré. Kí n tó dé, lítà 2 ti lọ, omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú kílò kan nígbà tí mo ń jáde nílé ti sún mọ́ 40. Iyùn ti ká ara rẹ̀ jọ, ìgbín méjì ti dojú dé sórí iyanrìn.

Ẹ dúró ná, ìyẹn kọ́ ló pa wọ́n tán. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi parí iṣẹ́. Bí mo ṣe rí i pé omi ti fà, jìnnìjìnnì bò mí, mo bu lítà 2 omi tí kò níyọ̀, mo dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Edé mi, pupa oní-ìlà funfun, tó máa ń wá gun orí ọwọ́ mi, kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹja lè fara dà á díẹ̀ tí iyọ̀ bá gòkè tàbí tó wálẹ̀, àmọ́ edé, ìgbín àti iyùn ò ní agbára yẹn, àgàgà tó bá jẹ́ lójijì. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ sí mi lónìí, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa fi dá omi yẹn padà, ó kéré tán fún ọjọ́ méjì.

Ní báyìí, ẹ fi wé táǹkì lítà 100. Ká ní omi inú rẹ̀ jẹ́ 85, ká sì ní lítà kan gbáko ló ń gbẹ lójúmọ́ torí pé ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́rin kan náà, iyọ̀ rẹ̀ kò ní ju 36.7 lọ. Kò dára, àmọ́ kò ní pa ẹnikẹ́ni. Bí ohun gbogbo ṣe rí nìyẹn. Ẹja kan kú sẹ́yìn òkúta tí ẹ ò mọ̀, ẹ fún wọn lóúnjẹ jù, pọ́ǹpù kú lóru: omi púpọ̀ máa fún yín láyè kí ẹ jí, kí ẹ rí i, kí ẹ tún un ṣe. Omi díẹ̀ kì í dúró de ènìyàn. Àwọn tó ń fi táǹkì kékeré ṣe ohun tó rẹwà wà o, mo ti rí iṣẹ́ wọn, ó ń yani lẹ́nu, àmọ́ ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn lára kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ti hítà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n bá mi fi hítà 100 watt sínú lítà 20 yẹn. Nígbà tó yá, nǹkan tó ń pa á fúnra rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ nínú, kò lè pa mọ́. Ó gbóná mọ́jú. Nígbà tí mo jí, omi tó yẹ kó wà ní 25 sí 26 lórí Celsius ti di 34. Ohun tó wà láyè nínú iyùn tó ń fún un ní àwọ̀, tó sì ń bá a fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ti ń fi í sílẹ̀. Funfun ló dà. Watt kan sí lítà kan tó, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gé iná hítà tí omi bá gbóná kọjá ibi tí ẹ dá fún un. Hítà nìkan kò ṣeé fọkàn tán.

Nítorí náà, lítà 80 sí 120 ni mo máa ní kí ẹ wò. Bó bá ju ìyẹn lọ, owó iyọ̀ àti wàhálà pípààrọ̀ omi á bẹ̀rẹ̀ sí sú yín. Ẹ mú èyí tó fẹ̀ tó sì gùn, ẹ má mú èyí tó ga bí òpó, bó ti wù kó fani mọ́ra tó. Ibi tí omi bá ti fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á sì lè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ yín náà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ ò ní mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó títí òkúta kan á fi wó lulẹ̀ ní igun tó jìnnà jù. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ti pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí yàrá kéékèèké fún pọ́ǹpù, hítà àti fílítà ló rọrùn jù. Kò sí páìpù tó ń gba inú gíláàsì kọjá, kò sì sí táǹkì kejì nísàlẹ̀ tó lè kún dà sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ má gbé e sórí tábìlì ìkàwé yẹn. Lítà kan omi òkun ju kílò kan lọ díẹ̀. Tí ẹ bá ka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn, lítà 100 máa kọjá kílò 130.

Lórí owó: ẹ dín ti iná àti ẹ̀ṣọ́ kù, kí ẹ fi ra nǹkan mẹ́ta kan. Èkíní ni refractometer tí a fi ń wo iyọ̀, pẹ̀lú omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 géérégé tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń sọ òótọ́. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tí apá kan ń gbé sókè nínú rẹ̀, ti parọ́ fún mi fún oṣù mẹ́ta; afẹ́fẹ́ bíńtín tó lẹ̀ mọ́ apá náà ti tó láti gbé e sókè. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń bu omi tí kò níyọ̀ kún táǹkì fúnra rẹ̀ bí omi bá ti ń gbẹ. Ká ní mo ní i nígbà ìrìn àjò yẹn ni, edé mi ì bá wà. Ẹ̀kẹta ni omi mímọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ RO/DI, tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò, sẹ́, yálà ẹ ra ẹ̀rọ náà tàbí ẹ máa ra omi rẹ̀. Chlorine wà nínú omi ẹ̀rọ, nígbà míì kọ́pà náà wà níbẹ̀, kọ́pà sì ń pa edé àti iyùn.

Ọ̀rọ̀ kọ́pà yìí ló jẹ́ kí n máa ṣọ́ra fún táǹkì àlòkù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti fi oògùn kọ́pà tọ́jú ẹja nínú rẹ̀ rí. Tó bá ń kólòlò, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to òkúta, tí omi àti iyọ̀ ti wà níbẹ̀, sùúrù ló kù, ibẹ̀ ló sì máa ń dùn wá jù. Bakitéríà ní láti kọ́kọ́ bí sí i, àwọn tó ń sọ ammonia, májèlé tó ń wá látara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà, di nitrite tí òun náà léwu, àti àwọn tó ń sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, kí ẹ máa fi oògùn àyẹ̀wò wò ó, títí ammonia àti nitrite á fi di òdo. Ọjọ́ karùn-ún lèmi fi ẹja sí i. Ẹ ò gbọdọ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan máa bo iyanrìn yín lákòókò yẹn, ó jọ ìdọ̀tí. Ẹ má bẹ̀rù, á lọ fúnra rẹ̀.

Ẹja clownfish méjì, ìgbín díẹ̀, edé kan, ó tó fún ọdún àkọ́kọ́. Nínú clownfish, akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, èyí tó bá jẹ ọ̀gá á di abo. Ẹ ra méjì tí ọ̀kan kéré sí èkejì, ìjà á dín kù. Ẹja mandarin tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ebi ló máa pa á nínú táǹkì kékeré tuntun, torí ohun alààyè bíńtín orí òkúta ló ń jẹ lójoojúmọ́. Fún iyùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò ní egungun, irú leather àti mushroom. Iyùn tí wọ́n ń pè ní zoanthid náà rọrùn, ó sì lẹ́wà, àmọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbìyànjú láé láti se òkúta tó lẹ̀ mọ́ lórí iná. Palytoxin, májèlé tó wà nínú àwọn kan lára wọn, le gan-an, ooru rẹ̀ nìkan ti dá àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Acropora, iyùn eléegun tó ṣòro láti sìn, ẹ fi í sílẹ̀ títí omi yín á fi wà lójú kan náà fún oṣù púpọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Tí táǹkì bá dé, kí ẹ tó da iyọ̀ kankan sí i, ẹ gbé e sí ibi tí omi ò ti lè ba nǹkan jẹ́, ẹ bu omi lásán kún un, kí ẹ sì tẹ́ bébà gbígbẹ sábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Táǹkì mi kejì, tuntun nínú páálí, bébà igun mẹ́ta gbẹ lọ́jọ́ kẹta, ti igun kẹrin tutù.