Èsì: Àkúrẹ́ ni kí wọ́n balẹ̀ sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ní àwọn ọmọ yín ń wọ bàálù bọ̀ láti Àbújá wá wo omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti orí òkè n'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà, ṣé Ìbàdàn ni kí wọ́n balẹ̀ sí àbí Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ ni jàre! Èmi tí mò ń gbé Iléṣà níbí, mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà láàárín Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tí wọ́n bá ti kọjá Ìgbárá-Òkè tí wọ́n dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ó ti kù díẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá balẹ̀ sí Alákíà n'Ìbàdàn, wọ́n á gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, wọ́n á tún kọjá Iléṣà kí wọ́n tó débẹ̀, wàhálà yẹn ti pọ̀ jù. Àfi tó bá jẹ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn n'Ífẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ bàtà tó lẹ mọ́lẹ̀, ìpele méje ni omi yẹn, òkúta ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ gan-an lásìkò òjò. Ó wù mí kí wọ́n gbádùn ẹ̀ gan-an.